GFS ní 35, ECMWF ní 4: èwo ni kí n gbà gbọ́ kí n tó gbin àgbàdo?

Àgbẹ̀ Ìsánlú | Ọjọ́ Ajé, 6:42 àárọ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ òjò ni mo gbé wá.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìdajì oṣù Kẹta báyìí, áàpù orí fóònù mi ní òjò yóò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọjọ́ kìíní rọ̀ lóòótọ́, ó rọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń rì nínú ebè. Mo gbin àgbàdo sí éékà méjì. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko, a ò rí ẹ̀kán omi kan. Èyí tó hù, oòrùn sun ún. Èyí tí kò tíì hù, èèrà kó o. Nígbà tí mo fọwọ́ walẹ̀, èèpo irúgbìn ni mo ń bá, inú rẹ̀ ti ṣófo. Owó irúgbìn àti owó àwọn tó bá mi gbìn, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mo pinnu pé lọ́dún yìí èmi fúnra mi ni n ó máa wo máàpù. Mo gba Windy sórí fóònù, áàpù tó ń kó àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ jọ. Lánàá mo wo Ìsánlú fún ọjọ́ mẹ́rin tó ń bọ̀. Mo tẹ GFS ti Amẹ́ríkà, ó ní òjò mìlímítà 35. Mo tẹ ECMWF ti Yúróòpù, ó ní 4. ICON ti Jámánì ní 11. Nígbà tó dalẹ́ mo tún wo GFS, 35 ti di 9.

Èwo nínú wọn ló mọ ilẹ̀ Yàgbà? Kí lẹ̀yin ń wò kí ẹ tó fi irúgbìn sílẹ̀? Mo ti kọ ebè tán, irúgbìn sì wà nílé.

Ọmọ Ọ̀wẹ́ (Kàbà) | Ọjọ́ Ajé, 7:10 àárọ̀

ECMWF ni kí o mú, má wulẹ̀ wo àwọn yòókù. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, òun ni gbogbo ayé ń yìn. Ó pín ilẹ̀ sí kìlómítà 9, GFS ti Amẹ́ríkà pín in sí 13. Èyí tó pín in wẹ́wẹ́ ló ríran jù. Tó bá ti ní 4, má gbìn.

Bàbá Ògìdì | Ọjọ́ Ajé, 7:31 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń gbin iṣu àti àgbàdo láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ fóònù alágbèéká ní Ìjùmú. Bàbá mi kì í fi àgbàdo sílẹ̀ àfi tí òjò gidi bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ń pa eruku, èkejì ń jí koríko. Ìwọ ọmọ Ìsánlú, òjò kan ṣoṣo lo rí tí o fi sáré. Ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ òjò tó máa rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mi?

Ọmọ Bùnú l'Ábùjá | Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ọmọ Ọ̀wẹ́, n ò fara mọ́ tìrẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, ECMWF ní kò sí òjò lọ́dọ̀ wa níbí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìjì ṣí páànù ilé tó kọjú sí tiwa, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. GFS ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, GFS kan náà kọ 40, òógùn nìkan la rí. Lórí òjò, n ò lè fọkàn tẹ ìkankan nínú wọn.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ awojú-ọjọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Wákàtí kọ̀ọ̀kan la fi ń ka ooru, ọ̀rinrin, atẹ́gùn àti ìkúukùu, àti ọ̀sán àti òru.

Àgbẹ̀, ohun tí máàpù mọ̀ kéré jù lọ lápá ọ̀dọ̀ wa lo ń bi í. Módẹ́ẹ̀lì bíi GFS àti ECMWF kì í wo ojú ọ̀run, ìṣirò ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ńlá pín gbogbo ayé sí àpótí-àpótí, ó sì ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti inú àpótí kan bọ́ sí òmíràn. Òjò ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń wá látinú ìjì tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, kò sí bó ṣe fẹ́ sá fún àpótí kìlómítà 9 tàbí 13. Òjò tiwa ń wá látinú ìkúukùu tó ga fíofío àmọ́ tí ìdí rẹ̀ ò fẹ̀. Ó lè rọ̀ ní Ìsánlú kí Mọ̀pà gbẹ. Odindi ìkúukùu bẹ́ẹ̀ á wọ inú àpótí kan ṣoṣo, módẹ́ẹ̀lì ò sì ní rí i. Ṣe ló ń méfò iye omi tó yẹ kó jáde níbẹ̀. GFS ń méfò lọ́nà tirẹ̀, ECMWF ń méfò lọ́nà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni 35 àti 4 ti wá.

Ohun tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni ohun tó fẹ̀: atẹ́gùn, ooru, ọ̀rinrin. Nítorí náà, fi òjò sílẹ̀ ná. Wo ibi tí wọ́n kọ dew point sí. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú rẹ̀ tó di ìrì. Tó bá ti lé ní 20, afẹ́fẹ́ òkun ló wà lórí rẹ. Tó bá wà nísàlẹ̀ 15, ọyẹ́ ni. Iye 15 yẹn la fi ń fa ìlà ITD lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìyẹn ibi tí atẹ́gùn òkun láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti ń pàdé atẹ́gùn gbígbẹ láti Sàhárà. Pẹ́ńsù la fi ń fà á, lórí bébà tó bo tábìlì tán. A ó kọ iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí ojú ibi tó wà, a ó wá máa fa ìlà gba àárín 14 àti 16, a ó máa pa á rẹ́, a ó tún un fà, títí bébà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lónìí fóònù rẹ ń fi àwọ̀ ṣe é fún ọ.

Ní oṣù Kìíní, ìlà yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí tòsí etí òkun. Ní oṣù Kẹjọ á gòkè dé nǹkan bí dígírì 20 sí 22 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, á ti kọjá Nàìjíríà wọ Niger lọ́hùn-ún. Àwa wà ní nǹkan bí dígírì 8. Tó bá ń gòkè, á gba orí wa kọjá. Tó bá ń padà, bákan náà. Oṣù Kẹta tí a wà yìí ló máa ń ṣe bí ẹni tó lọ tó tún bọ̀, òun ló pa àgbàdo rẹ lọ́dún tó kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, gun òkè díẹ̀. Ibi tí a ti ń yan gíga wà lórí Windy. Gbé e sí 850, ìyẹn nǹkan bí mítà 1,500 sókè. Tí atẹ́gùn ibẹ̀ bá ṣì ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ọ̀rinrin tó wà nílẹ̀ kò ju omi ìdí ìkòkò lọ, ìkúukùu ò ní rí ohun mu. Tí ti òkun bá ti dé ibẹ̀, omi ti jìn.

Ẹ̀kẹta, kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní 700 sí 600, nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń ti ìjì òjò wa. Ìjì tó tò bí ògiri yẹn, tó ń gbé eruku ṣáájú, orí òkè Jos ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n á máa rìn bọ̀. Jos sí Kàbà sún mọ́ 400 kìlómítà. Tí ìjì bá ń sáré 50 ní wákàtí kan, ìwọ náà ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fi sábà máa ń bá wa lórí ibùsùn.

Ìgbà tí o bá ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o tó tẹ òjò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́ja | Ọjọ́ Ajé, 11:20 àárọ̀

Bàbá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n sì tún ibì kan ṣe.

Ọmọ Ọ̀wẹ́, ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí òjò apá àríwá ilẹ̀ Áfíríkà olóoru. Wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ oríṣiríṣi módẹ́ẹ̀lì àgbáyé jọ, ECMWF wà níbẹ̀, wọ́n wò wọ́n mọ́ òjò tó rọ̀ ní ti gidi. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju kí ènìyàn kàn mọ iye tó máa ń rọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Nítorí náà, 9 àti 13 kọ́ ni wàhálà wa.

Ohun tí mo fẹ́ tún ṣe: ẹni tó bá ka ohun tí Bàbá kọ lè rò pé bí ìlà ITD bá ti kọjá wa, òjò dé nìyẹn. Rárá o. Nǹkan bí 200 sí 300 kìlómítà tó wà ní gúúsù ìlà náà, ooru tó ń lẹ̀ mọ́ ara ló pọ̀ níbẹ̀, òjò ò tó nǹkan. Gúúsù ibẹ̀ ni ìjì ńlá wà. Èmi máa ń dúró kí ìlà náà dé Kàdúná, nítorí Kàdúná wà ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí àríwá wa.

Ẹ tún ṣọ́ aago. Lórí àwọn máàpù kan ẹ ó rí 00Z tàbí 12Z. Aago Greenwich ni. Ẹ fi wákàtí kan kún un: 12Z jẹ́ aago kan ọ̀sán wa. Windy máa ń lo aago ilé wa ní tirẹ̀. Ẹ má sì di wákàtí òjò mú. Àwọn módẹ́ẹ̀lì yìí sábà máa ń da òjò sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tiwa ń dúró di ìrọ̀lẹ́ tàbí òru.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 11:52 àárọ̀

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, ó yẹ kí n ti ṣàlàyé ìyẹn. Àmọ́ Kàdúná ti jìnnà jù fún mi. Mo ti rí òjò tó dára ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tí ìlà kò tíì kọjá Mínnà. Èmi máa ń wo bó ṣe pẹ́ tó níbi tó wà. Kí ó jókòó sí Mínnà fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ó sáré dé Kàdúná lálẹ́ kan kí ó sì padà lọ́la.

Ìyá Láfún (Ìyàrà) | Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Orí àpáta ni mo ń sá láfún, tí òjò bá ká a mọ́bẹ̀, ó ti di dúdú nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rà á. Mi ò mọ ITD. Iyọ̀ ni mo ń wò.

Mo ní agolo kékeré tí mo ń bu iyọ̀ sí lẹ́bàá ààrò, mi kì í dé e. Nígbà ọyẹ́, iyọ̀ yẹn á máa ta ṣẹ́ṣẹ́ bí iyanrìn. Bí ọjọ́ bá fẹ́ yí padà, tí mo bá fi ìka mú un láàárọ̀, á dì mọ́ra wọn, ìka mi á tutù. Tí mo bá wá rí i tó ṣomi sí ìdí agolo fún àárọ̀ méjì mẹ́ta tẹ̀léra, mi kì í sá ju ohun tí mo lè yára kó lọ. Kì í ṣe pé òjò á rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an o. Ó kàn ń sọ fún mi pé òjò ti lè rọ̀.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí mo ń fi dew point wò lẹ ń fi ìka kà yẹn. Iyọ̀ ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọ̀rinrin bá ti lé ní nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn, "òjò ti lè rọ̀", kí gbogbo wa dì í mú. Ohun tí máàpù ọ̀rinrin lè sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́kajú Mọ̀pà | Ọjọ́ Ajé, 3:02 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń wá òjò, èmi ń sá fún un. Àpò kajú mọ́kànlélógún ló wà lágbàlá mi lórí tapólì, kò tíì gbẹ tó èyí tí àwọn oníbàárà máa gbà. Tí omi bá kàn án, á hu funfun, wọ́n á sì já owó mi. Bí áàpù bá ní "40 nínú ọgọ́rùn-ún", ṣé kí n kó o wọlé ni àbí kí n fi sílẹ̀? Kí ni 40 yẹn ń sọ gan-an? Ṣé ìdajì Mọ̀pà lòjò máa rọ̀ sí ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́ja | Ọjọ́ Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, kò sọ ìdajì ìlú, kò sì sọ bí òjò ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ gbà pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: nínú mẹ́wàá yẹn, òjò á kan ibi tí ẹ dúró sí ní bíi mẹ́rin.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń rí i ni pé ECMWF kì í ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣe é lọ́nà 51, ó ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní gbogbo ibi láyé ní ìṣẹ́jú yìí. Ilẹ̀ Áfíríkà tiẹ̀ wá burú, ibi tí wọ́n ti ń fi bàlúùnù wọn òkè ọ̀run kò pọ̀ rárá. GFS náà ní irú rẹ̀, 31. Tí 45 nínú 51 bá ní òjò, ẹ gbé e lé ọkàn. Tó bá jẹ́ 8 ló ní i, tí ọ̀kan nínú 8 yẹn wá kọ 60, ẹni tó bá wo ọ̀kan yẹn nìkan á pariwo jáde. Mo rò pé bí 35 Àgbẹ̀ ṣe di 9 ní wákàtí díẹ̀ nìyẹn: ìṣirò kan ṣoṣo ló wò. GFS ń ṣírò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, tí mẹ́rin tó tẹ̀ léra kò bá bára mu, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan. ECMWF gbé àwòrán 51 rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè tẹ orúkọ ìlú yín síbẹ̀.

Fún kajú yín, ẹ wo ohun tó máa bà jẹ́. Kíkó wọlé jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan, kajú tó bà jẹ́ kò ní àtúnṣe. Èmi á kó o wọlé ní 20 pàápàá. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbìn kò gbọdọ̀ gba 40.

Ẹlẹ́kajú Mọ̀pà | Ọjọ́ Ajé, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Ó yé mi. Wọ́n á wọ yàrá lálaalẹ́ títí wọ́n á fi gbẹ.

Ọmọ Ọ̀wẹ́ (Kàbà) | Ọjọ́ Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo gba àtúnṣe. Ìbéèrè kan: báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó parọ́ tí a kò bá wọn òjò fúnra wa? Mo rí i tí àwọn kan ń gé ike omi sí méjì, wọ́n á dojú ìdajì òkè dé ìdajì ìsàlẹ̀ bí àrọ. Ṣé ó dára?

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Ìdí ike kì í tẹ́jú, ó ní kòtò, mìlímítà àkọ́kọ́ á sọnù síbẹ̀. Tó bá jẹ́ òun lo ní, da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, bu omi lé e títí omi á fi bo òkúta, kí o wá fi ìlà sí ojú omi yẹn. Ìlà yẹn ni òdo rẹ.

Èyí tó rọrùn ni agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, bí agolo mílíìkì ńlá. Kàn án mọ́ òpó ní gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní dá òjò dúró tàbí ta omi sí i. Aago kan náà láràárọ̀, ki rúlà bọ̀ ọ́, kà á, kọ ọ́ sílẹ̀, dà á nù. Tí o bá pẹ́ kí o tó kà á, oòrùn á ti mu nínú rẹ̀. Mìlímítà 1 nínú agolo túmọ̀ sí pé lítà omi kan bọ́ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ọjọ́ tí kò bá rọ̀, kọ òdo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ òdo, òdo yẹn sì ló ń sọ ibi tí ọ̀dá wà.

Bàbá Ògìdì | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Èmi ń kọ ọ́. Mi ò ní rúlà, àmọ́ láti 1987 ni mo ti ń kọ ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí mo gbìn àti bó ṣe hù. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí aṣọ mi. Ìgbà tí mo rí i ka níbí pé kí ènìyàn mọ iye tó máa ń rọ̀ láti ọdún pípẹ́, mo lọ gbé e jáde. Àgbàdo tí mo gbìn kí oṣù Kẹta tó parí, púpọ̀ nínú wọn ni mo tún gbìn lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí mo gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin sí ìdajì rẹ̀ ló ń dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́ja | Ọjọ́ Ajé, 8:21 alẹ́

Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán dé inú àpótí yẹn. Tí ẹ bá gbà mí láàyè, n ó wá sí Ògìdì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan wá fi fóònù ya ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àsìkò òjò jáde lọ́dọọdún, ó ní ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ó sì yẹ kí gbogbo wa kà á. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tó ní ohun tó wà nínú àpótí yín.

Ọmọ Bùnú l'Ábùjá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ará ilé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ọ̀run ìlà-oòrùn dúdú kirikiri, eruku ṣáájú, òjò tẹ̀ lé e. Mo wò ó lórí àwòrán sátẹ́láìtì: funfun náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos láti nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ó rí bíi wóró ẹ̀gúsí nígbà náà. Ní báyìí ó ti tò gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:34 ìrọ̀lẹ́

Mo rí i. Sátẹ́láìtì Meteosat ń ya ọ̀run wa léraléra, ẹ yan èyí tó ń fi ooru yàwòrán, kì í ṣe èyí tó nílò oòrùn, kí ẹ lè máa rí i lóru. Ibi tó funfun jù ni orí ìkúukùu ti tutù jù, ìyẹn ni pé ó ga. Ẹ wò ó bóyá ó ń fẹ̀ sí i tàbí ó ń yọ́. Ó ṣì ń fẹ̀. Ábùjá sí Ìsánlú jẹ́ nǹkan bí 200 kìlómítà tí ẹyẹ bá fò ó. Tí kò bá kú sójú ọ̀nà, aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́.

Ẹlẹ́kajú Mọ̀pà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń kó o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́ja | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Mọ̀nàmọ́ná ń kọ lápá àríwá wa. Atẹ́gùn tutù ti fẹ́, òjò ò tíì kán. Ó jọ pé òkè wa ló ń gbà lọ.

Àgbẹ̀ Ìsánlú | Ọjọ́rú, 7:08 àárọ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dé. Atẹ́gùn náà kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí òjò tó tẹ̀ lé e. Mo ti kan agolo mọ́ òpó láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀ yìí mo ki rúlà bọ̀ ọ́: 14.

Ọmọ Ọ̀wẹ́ (Kàbà) | Ọjọ́rú, 7:25 àárọ̀

Mìlímítà 2 nínú agolo tèmi. ICON tó kọ 11 ló sún mọ́ ti Ìsánlú jù. Ṣé òun ni ká máa wò?

Ìyá Láfún (Ìyàrà) | Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀kán mélòó kan lórí páànù, ó tán.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́rú, 8:30 àárọ̀

Ọmọ Ọ̀wẹ́, ọjọ́ kan kò tó láti fi yan olórí. Kọ iye tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí agolo sọ títí òjò ọdún yìí á fi lọ, kí o tó sọ pé ọ̀kan ta yọ. Sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná: 14 ní Ìsánlú, 2 ní Kàbà, Ìyàrà kò rí nǹkan kan. Bó ti wù kí ẹ pín in, kò sí iye kan ṣoṣo tí módẹ́ẹ̀lì lè sọ fún gbogbo wa tí kò ní parọ́ fún ẹnì kan.

Àgbẹ̀ Ìsánlú | Ọjọ́rú, 8:44 àárọ̀

Bàbá, ilẹ̀ tutù dáadáa. Mo fi ọkọ́ wa á, ọ̀rinrin ti wọlé tó ìbú ọwọ́. Àwọn aládùúgbò mi ti ń kó irúgbìn lọ sóko láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n gbìn?

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́rú, 9:02 àárọ̀

Ṣe ohun tí a jọ sọ. Tẹ òjò pa. Wo dew point Ìsánlú láti òní dé Ọjọ́ Ẹtì lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o wá sọ ohun tí o rí.

Àgbẹ̀ Ìsánlú | Ọjọ́rú, 9:20 àárọ̀

GFS: 21 lónìí, 17 lọ́la, 11 ní Ọjọ́ Ẹtì. ECMWF: 21, 16, 12. ICON: 20, 16, 11. Atẹ́gùn 850 ti yí sí àríwá ìlà-oòrùn láti ọ̀la lórí gbogbo wọn. Àwọn tí kò bára mu lórí òjò ti wá ń sọ ohun kan náà.

Awojú-Ọjọ́ Ẹ̀gbẹ̀ | Ọjọ́rú, 9:26 àárọ̀

Ìlà náà ń padà sọ̀ kalẹ̀ kọjá orí rẹ. Má fi irúgbìn sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́ja | Ọjọ́rú, 9:50 àárọ̀

Ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ máa ń lò fún ìbẹ̀rẹ̀ òjò: kí ó tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kí ọ̀dá tó lé ní ọjọ́ méje má sì ṣe wáyé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. 14 kò tó, ọ̀dá sì ti ń bọ̀. Ilẹ̀ Sàhẹ́lì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìlànà yìí ṣiṣẹ́, àmọ́ ó jọ òjò mẹ́ta Bàbá Ògìdì.

Bàbá Ògìdì | Ọjọ́rú, 10:15 àárọ̀

Ọ̀kan ṣoṣo ló rọ̀. Ó ku méjì. Bá àwọn aládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀, ọmọ mi, kí wọ́n má fi owó ọmọ wọn sínú ilẹ̀ gbígbẹ.

Àgbẹ̀ Ìsánlú | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Méjì dúró, ẹnì kan ti gbìn tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọyẹ́ padà lóòótọ́. Mi ò rí orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ yìí, ètè ń ya. Mo fi agolo iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò bí Màmá Ìyàrà ṣe wí. Ó ń ta ṣẹ́ṣẹ́. Àgbàdo mi ṣì wà nínú àpò.

GFS àti ECMWF ti ń gbé dew point padà sí 19 ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ICON kò tíì gbà. N ó kọ iye tí agolo bá ní síbí láràárọ̀, òdo náà. Ọmọ Bùnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn lé wa lórí tí ìlà-oòrùn bá tún ṣú.

Ọmọ Bùnú l'Ábùjá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 àárọ̀

Ojú mi wà níbẹ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Jos sọ̀rọ̀, ó ní òun á máa pè mí bí ó bá ti ń ṣú lọ́dọ̀ wọn.